Bí Òwe, Bí Òwe: Ebenezer Obey, Gìtá àti Orin Ìmọ̀ràn láti Ìdógò dé Èkó

Ìfáàrà

Nínú ìtàn orin jùjú, ojú méjì ni àwọn onímọ̀ sábà fi ń wo Olóyè Ebenezer Obey. Ojú kìíní rí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá olórin àríyá tí ó gbilẹ̀ nígbà tí owó epo rọ̀bì gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, tí ó ń ki olówó, tí olówó sì ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú. Ojú kejì rí i gẹ́gẹ́ bí oníwàásù tí orin rẹ̀ kún fún ẹ̀kọ́ ìwà, tí kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tí ó di ajíhìnrere. Òtítọ́ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n àárín ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tí gìtá oníná, ìlù gángan àti ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè ti sọ orin jùjú di ohun ńlá.

Bí a bá fẹ́ mọ irú olórin tí Obey jẹ́ ní tòótọ́, ẹkùn Yewa, ní ẹ̀bá ààlà Nàìjíríà àti Benin, ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí á sì bẹ̀rẹ̀ nínú irú orin kan tí ó kéré ní ohun èlò: ohùn kan, gìtá kan, agidigbo kan àti ìlù díẹ̀. Nínú orin kékeré yẹn ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi orin bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó jókòó tì í. Ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ yìí kò sọnù nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ di ńlá. Òun ni ó sì mú kí orin ìmọ̀ràn rẹ̀ pẹ́ ju orin tí ó fi ki àwọn olówó lọ.

Ìdógò: Ìlú Tí Ojú Irin Parí Sí

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, ọdún 1942 ni a bí Ebenezer Rẹ̀mílẹ́kún Àrẹ̀mú Ọlásùpọ̀ Obey-Fábìyí ní Ìdógò, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí. Ẹ̀gbá Òwu ni ìdílé rẹ̀. Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń pe ẹkùn náà nígbà tí a bí i; ọdún 1995 ni orúkọ Yewa, tí í ṣe orúkọ odò tí ó ṣàn gba ilẹ̀ náà kọjá, rọ́pò rẹ̀. Ọmọ ẹni tí ó ti ibòmíràn wá tẹ̀dó ni Obey ní Ìdógò, bí ọ̀pọ̀ àwọn ará ìlú kéékèèké tí ojú irin sọ di ibi ìpàdé.

Ojú irin ni ó mú Ìdógò yàtọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí i ká. Ní Ìfọ̀ ni ẹ̀ka kan ti yà kúrò lára ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ̀ka náà gba Ìlaròó kọjá, ó sì parí sí Ìdógò. Ìrè oko ni ìjọba amúnisìn torí rẹ̀ la ọ̀nà yìí, kí ó lè rọrùn láti kó o dé etíkun. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó bá kó ìrè oko lọ kì í bọ̀ lófìfo. Ènìyàn, aṣọ, ìwé ìròyìn àti àṣà tuntun ni ó ń bá a padà. Ọmọdé tí ó dàgbà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ní láti dé Èkó kí ó tó gbọ́ ohun tí Èkó ń sọ.

Ìwọ̀-oòrùn ìlú náà ni ààlà wà. Ní ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ṣe pín ilẹ̀ yìí. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìlaròó, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ààlà náà pín ìjọba, kò pín orin. Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣì ń wáyé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, débi pé nígbà tí àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 2001, orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo ni ó so pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀fẹ̀ ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní òru ẹ̀fẹ̀, olórin kan ṣoṣo ni ó máa ń jáde síwájú gbogbo ìlú. Yóò júbà, yóò súre, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ ohun tí ojú ń rí tí ẹnu kò lè sọ: ìwà ìjọba, ìwà aládùúgbò, ìwà ọkọ àti aya. Àwọn agberin yóò gba orin náà lẹ́nu rẹ̀ títí ìlú yóò fi mọ̀ ọ́n. Adébóyè Babalọlá ti fi ewì ọdẹ hàn fún àwọn onímọ̀ gẹ́gẹ́ bí lítíréṣọ̀ tí ó tó kọ́; Afọlábí Ọlábímtán, akéwì àti òǹkọ̀wé ọmọ Yewa, ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ewì ẹ̀fẹ̀ àwọn ará ẹkùn rẹ̀. Kò pọn dandan kí á sọ pé ẹlẹ́fẹ̀ ni ó kọ́ Obey ní orin. Kókó ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí ó ti jáde jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti mọ olórin gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti gba ìlú nímọ̀ràn, tí wọ́n sì ń dúró gbọ́ ọ parí.

Nínú ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ ni Obey ti kọ́kọ́ kọrin, lẹ́yìn náà ni ó bá àwọn ẹgbẹ́ mambo tí àwọn ọ̀dọ́ ń dá sílẹ̀ kọrin. Orúkọ ijó Cuba ni mambo, ṣùgbọ́n nílẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí ó ní agidigbo, ìlù àti ohùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Orin tí kò béèrè owó púpọ̀ ni. Ẹni tí ó bá ní káfíńtà tí yóò kan àpótí fún un, tí ó sì rí irin pẹlẹbẹ díẹ̀, ti ní ohun èlò.

Ilé-Ẹ̀kọ́ Agidigbo

Ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1950 ni Obey dé Èkó. Ẹni tí ó tọ́ ọ sọ́nà níbẹ̀ ni Fatai Ọláyíwọlá Ọlágúnjú, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Fatai Rolling Dollar. Fatai mọ gìtá ta, ó sì mọ agidigbo lù. Ó ti bá J. O. Araba ṣeré nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Afro Skiffle kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, African Rhythm Band, sílẹ̀ ní ọdún 1957. Nínú ẹgbẹ́ yìí ni Obey ti kọ́ iṣẹ́.

Orúkọ Afro Skiffle tó láti dá ènìyàn dúró. Ní àwọn ọdún náà, skiffle ni orin tí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi gìtá tí kò lo iná àti àwọn ohun èlò àfọwọ́ṣe kọ, tí wọ́n ń mú orin ìbílẹ̀ àti orin blues àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lò. Àwọn olórin Èkó tí wọ́n mú orúkọ náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n rí i pé orin tí àwọn náà ń kọ jọ ọ́ ní ọ̀nà kan: gìtá kì í tẹ̀lé ohùn lẹ́yìn lásán, ó ń dá ohùn lóhùn. Olórin blues máa ń kọ ìlà kan, yóò dákẹ́, okùn gìtá yóò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú orin gìtá etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí àwọn atukọ̀ Kru láti Liberia gbé káàkiri èbúté pẹ̀lú àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tí wọ́n fi ń ta okùn. Àtàǹpàkò ń tẹ ìsàlẹ̀, ìka kejì ń sọ̀rọ̀ lókè.

Agidigbo ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú orin yìí. Àpótí ńlá tí a fi irin pẹlẹbẹ sí lójú ni. Alùlù a gbé e lé ẹsẹ̀ tàbí kí ó fi kọ́rùn, a fi ìka ta irin, a sì gbá ara àpótí bí ìlù. Yorùbá ní, bí òwe bí òwe là ń lu agidigbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Òwe yìí sọ irú olùgbọ́ tí orin náà ń wá. Orin tí a ń tẹ́tí sí kí a tó jó ni. Ibi tí ohun èlò kò ti pọ̀, ọ̀rọ̀ kò ríbi sá sí: bí olórin kò bá ní nǹkan sọ, gbogbo ilé ni yóò mọ̀.

Láti International Brothers dé Inter-Reformers

Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Túndé King gbé orin jùjú jáde sórí àwo, ẹgbẹ́ kékeré ni jùjú náà jẹ́: banjo onígìtá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù jùjú tí a ń mì, àti ohùn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò. Ìlù gángan wọlé ní ìparí àwọn ọdún 1940, àsìkò yẹn kan náà ni Àyìndé Bákàrè fi iná sí gìtá. I. K. Dairo tún mú dùùrù àfọwọ́fà wọ̀ ọ́. Nítorí náà, nígbà tí Obey dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní ọdún 1964, ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀: ọ̀nà jùjú tí ó ń pọ̀ sí i ní ìlù, àti ọ̀nà highlife tí ó ń pọ̀ sí i ní gìtá. Ó pa méjèèjì pọ̀.

Ilé-iṣẹ́ Decca ni ó bá ṣiṣẹ́. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1964, «Olómi Gbọ́ Tèmi» tí ó tẹ̀lé e ní ọdún 1965 sì ni ó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ẹgbẹ́ náà di Inter-Reformers, tí Obey sì pe orin rẹ̀ ní mílíkì, ìyẹn orin ìgbádùn. Ẹgbẹ́ náà ní gìtá púpọ̀, ìlù púpọ̀ àti àwọn agberin tí wọ́n ń fi ohùn so mọ́ ohùn bí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun kan tí ó yí orin náà padà tí a kì í sábà ka sí ni ìwọ̀n àwo. Ojú àwo kékeré kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Olórin ní láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kíá bí ẹni pa òwe. Nígbà tí àwo ńlá dé, ojú kan lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Àyè wá wà láti so orin mọ́ orin, kí a kí ènìyàn mẹ́wàá, kí ìlù sì sọ̀rọ̀ láàárín. Àyè yìí ni oríkì olówó gbà wọlé. Ṣùgbọ́n àyè kan náà ni ìtàn gígùn gbà wọlé pẹ̀lú.

Ohùn, Gìtá àti Ọ̀rọ̀

Ohùn Obey kò le, kì í sì í pariwo. Ohùn òkè tí ó rọ̀ ni, tí ó máa ń súnmọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ìdí èyí hàn nínú èdè fúnra rẹ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ohùn ni ó yà wọ́n. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin tí a kò ṣe fún un, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sì yí ìtumọ̀ padà lẹ́nu ìjọ. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1953.

Obey jogún ìṣọ̀kan ohùn àwọn agberin lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò jogún ìṣòro yẹn. Ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ń tọ́ ohùn orin rẹ̀ sọ́nà. Bí ọ̀rọ̀ bá lọ sókè, orin a lọ sókè. Bí ó bá rọlẹ̀, orin a rọlẹ̀. Ìyẹn ni ó fi ṣeé ṣe fún gìtá àti gángan láti tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lẹ́yìn rẹ̀ láìsí ẹnu, tí olùgbọ́ yóò sì mọ ohun tí wọ́n wí. Àwọn ohun èlò ti pọ̀ sí i ju ti ayé African Rhythm Band lọ, ṣùgbọ́n ìlànà náà kò yí padà: ẹnu sọ, okùn dáhùn.

Àlọ́ Inú Àwo

Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba jù ni orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí «Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́», tí ó wà nínú àwo kan tí ó jáde ní ọdún 1973. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún ìtàn náà pe ẹranko inú rẹ̀ ní ẹṣin, ṣùgbọ́n kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni Yorùbá pè é. Ìtàn náà ti pẹ́ láyé, ó sì wà ní Yúróòpù àti láàárín àwọn Lárúbáwá: bàbá kan, ọmọ rẹ̀ àti ẹranko wọn jáde lọ, bí bàbá bá gùn ún, wọ́n bú bàbá, bí ọmọ bá gùn ún, wọ́n bú ọmọ, bí àwọn méjèèjì bá gùn ún, wọ́n ní wọ́n rorò, bí ẹnikẹ́ni kò bá gùn ún, wọ́n ní wọn kò gbọ́n.

Ìtàn àjèjì ni, ṣùgbọ́n ìlànà tí Obey fi sọ ọ́ kì í ṣe àjèjì. Àlọ́ àpagbè ni. Ẹnì kan ń pa á, àwọn yòókù ń gbe é. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ẹgbẹ́ orin yóò dá ẹ̀kọ́ náà padà sí olùgbọ́ létí, títí ẹ̀kọ́ náà yóò fi di òwe. Ìlù rọlẹ̀ kí ìtàn lè hàn. Bí a bá yọ gìtá kejì àti ìkẹta kúrò, tí a fi agidigbo rọ́pò ìlù mélòó kan, orin náà kò ní ṣubú. Ìyẹn ni ẹ̀rí pé inú ilé kékeré ni wọ́n ti kọ́ irú orin bẹ́ẹ̀.

Irú ìbánisọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilé nìkan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1972, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo awakọ̀ kúrò ní apá òsì kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, Obey kọrin sí i. Nígbà tí ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ètò ọ̀gbìn tí wọ́n pè ní Operation Feed the Nation ní ọdún 1976, orúkọ ètò náà di orúkọ àwo rẹ̀. Àwọn kan lè pe èyí ní iṣẹ́ akéde ìjọba. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ àti àgbẹ̀ kò lè ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, orin tí ó sọ òfin tuntun ní èdè wọn ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò ṣe.

Olówó àti Olórin

Síbẹ̀, a kò lè fi orin ìmọ̀ràn bo orin olówó mọ́lẹ̀. Àwo «Board Members» ti ọdún 1972 fi orúkọ àwọn ènìyàn ńlá tí wọ́n ń ti ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn sí ojútáyé. Christopher Waterman, nínú ìwé rẹ̀ lórí jùjú tí ó jáde ní ọdún 1990, fi hàn pé ètò ẹgbẹ́ jùjú àti ètò àríyá jọ ń gbé èrò kan lárugẹ: pé ọlá ní ipò, pé ẹni tí ó wà lókè tọ́ sí i, àti pé ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ lè gòkè bí orí bá gbè é. Àtakò tí ó lágbára ni. Nígbà tí owó epo pọ̀ lọ́wọ́ àwọn díẹ̀, orin tí ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olówó lè mú kí a gbàgbé láti béèrè ibi tí owó náà ti wá.

Ìdáhùn kan ni pé oríkì kì í ṣe ìyìn lásán. Karin Barber, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí oríkì ní Òkukù, ti ṣàlàyé pé oríkì ni ó ń sọ ènìyàn di ènìyàn láàárín àwùjọ, àti pé ó lè gbé àbùkù àti ìtàn tí kò dùn dání pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yìí kò tó fún Obey, nítorí oríkì orílẹ̀ tí ó ti wà láti ọdún gbọọrọ yàtọ̀ sí ìkini tí a ṣe fún olówó ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Ìdáhùn tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu jù wà nínú àwo rẹ̀ gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ àwo rẹ̀, orin ìkini àti orin ìmọ̀ràn jọ wà pọ̀. Olówó tí ó san owó kí wọ́n lè kí òun ń gbọ́ lórí àwo kan náà pé ayé kò dúró lójú kan, pé ẹ̀dá tí ó ń ṣiṣẹ́ òkùnkùn yóò rí ẹ̀san. Ẹlẹ́fẹ̀ náà ń súre fún àwọn àgbà ìlú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí. Kì í ṣe pé Obey já wọn sójú bí Fela Aníkúlápó-Kútì ti ṣe ní àsìkò kan náà. Àṣà tí ó ti wá kò fi ìjà ṣe ohun èlò. Òwe ni ó fi ń ṣe é. Agbára òwe sì ni àìlera rẹ̀: ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ lè jó o láìmọ̀ ọ́n.

Ìgbẹ̀yìn Orin

Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ àwo Yúróòpù ń wá orin Áfíríkà, Virgin gbé «Jẹ́ Ká Jó» jáde fún Obey ní ọdún 1983. Orúkọ àwo náà sọ ohun tí ọjà òkèèrè ń fẹ́: ijó. Olùgbọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè gbọ́ ìmọ̀ràn; ìlù àti gìtá nìkan ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Sunny Adé, tí gìtá àti ijó rẹ̀ rọrùn fún irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀, ni òkèèrè wá mọ̀ jù. Ohun tí ó gbé Obey ga nílé ni kò jẹ́ kí ó rọrùn láti gbé e lọ sí òkèèrè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ó yà sí iṣẹ́ ìhìnrere. Ìyípadà náà kò tóbi tó bí ó ti dà bíi pé ó rí. Ìmọ̀ràn ni ó ti wà nínú orin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Orin ìkini olówó ni ó yọ kúrò. Ní apá kejì, Fatai Rolling Dollar, tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, tún jáde ní ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun nígbà tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Pẹ̀lú gìtá àti ẹ̀fẹ̀ arúgbó nínú orin «Wọ́n Kéré sí Nọ́ḿbà Wa», ó di ààyò àwọn ọ̀dọ́ kí ó tó papò dà ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọdún 2013. Ọ̀gá náà kò ní owó ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrísí orin rẹ̀ fi hàn pé orin kékeré náà kò tíì kú.

Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá ka Ebenezer Obey láti Èkó nìkan, olórin àríyá ni a ó rí, ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ yóò sì parí sórí owó. Bí a bá kà á láti Ìdógò, láti inú ẹgbẹ́ mambo àti ilé agidigbo, a ó rí olórin kan tí ó kọ́ láti fi ohùn kan àti okùn díẹ̀ pa ìtàn, tí ó sì gbé ẹ̀kọ́ yẹn wọ inú ẹgbẹ́ ńlá, níbi tí owó ti ń fà á sí ọ̀tún, tí òwe ń fà á sí òsì.

Ó ní ohun tí èyí ń béèrè lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ìwé tí ó wà lórí orin Obey sọ púpọ̀ nípa ẹgbẹ́, ọjà àti àwùjọ, ó sì sọ díẹ̀ nípa àwọn ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn. A ti kọ ìjálá, ẹkún ìyàwó àti ewì ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ ní ìlà dé ìlà, a sì ń kọ́ wọn ní yunifásítì. Orin ìmọ̀ràn onígìtá ń dúró de irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, kí àwọn àwo tó bàjẹ́, àti kí àwọn tí wọ́n lù ú tí wọ́n sì gbe é tó lọ tán. Àwọn ìlú bí Ìdógò, Ìlaròó àti Ayétòrò sì yẹ ní àkọsílẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀nà tí ó kó ìrè oko lọ sí Èkó ni ó kó orin náà lọ pẹ̀lú.